Ìbò ló lé ‘cash and carry’ lọ ní Gánà, kí ló fa ti Nàìjíríà sẹ́yìn?

Owó lọ́wọ́, oògùn lọ́wọ́. Bí ètò ìwòsàn ṣe rí nìyẹn lórílẹ̀-èdè Gánà títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Bí aláìsàn bá dé ọsibítù ìjọba, kí wọ́n tó béèrè ibi tó ń dùn ún, wọ́n á ti béèrè iye tó kó dání. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un lábẹ́rẹ́, ó gbọ́dọ̀ sanwó abẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fa omi sí i lára, ó gbọ́dọ̀ sanwó omi. Òwú àti báńdéèjì tí wọ́n á fi di ojú egbò pàápàá, àfi kó kọ́kọ́ tẹ owó rẹ̀ sílẹ̀. ‘Cash and carry’ ni àwọn ará Gánà ń pe ètò náà, ìyẹn ni pé kéèyàn sanwó kó tó gbé ọjà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń ra tòmátò lọ́jà Makola. Ẹni tí kò bá rówó san á padà sílé lọ máa mu àgbo. Ẹni tí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀ tọ́jú tán tí kò sì rówó san, inú ọsibítù náà ni wọ́n á dá a dúró sí títí àwọn ẹbí rẹ̀ á fi lọ yáwó wá.

Ọmọ Nàìjíríà tó bá ka èyí kò ní í kà á sí ìtàn ìlú òkèèrè. Nínú gbogbo náírà 100 tí wọ́n ń ná sórí ìtọ́jú ara lórílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní 70 tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àti ti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe ń fi hàn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àìsàn kan ṣoṣo lè sọ onílé di ayálégbé. Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ á di títà, mọ́tò tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ á lọ, owó àjọ tí ìyá ọlọ́jà ti ń dá láti oṣù mẹ́fà á wọ ọsibítù lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ni pé Gánà yí ètò tirẹ̀ padà lọ́dún 2003, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ gorí àlééfà. Nàìjíríà ti kọ́kọ́ gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún 1962, ó sì di ọdún 2022, ọgọ́ta ọdún gbáko, kó tó ní òfin tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún tolórí tẹlẹ́mù. Kí ló wá ń mú kí ìjọba kan dìde lọ́jọ́ kan, kó ní òun fẹ́ yí ọ̀nà táwọn aráàlú ń gbà sanwó ìwòsàn padà, tí òmíràn á sì máa fi dónìí dọ́la?

Àánú nìkan kọ́. Tó bá jẹ́ àánú ni, kò sí ìjọba tí kò ní í ti ṣe é tipẹ́tipẹ́.

Ìbẹ̀rù àti ogun

Jámánì lorílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fi òfin gbé irú ètò yìí kalẹ̀, lọ́dún 1883. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀, Otto von Bismarck, kì í ṣe ọ̀rẹ́ òṣìṣẹ́ rárá. Lọ́dún 1878 ló ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbilẹ̀ láwọn ìlú tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Nígbà tó rí i pé ọlọ́pàá nìkan kò lè pa ẹgbẹ́ náà run, ló bá ronú pé bí òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn bá ń rí owó ìtọ́jú gbà nípasẹ̀ òfin ìjọba, kò ní í fẹ́ kí ìjọba náà dojú dé. Nínú owó tí wọ́n ń dá jọ, òṣìṣẹ́ ló ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta, agbanisíṣẹ́ ló ń san ìyókù. Ọgbọ́n náà kò pa ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn o. Ó ṣì wà títí dòní, adójútòfò náà sì wà.

Ní ti Ìlú Ọba, ogun ló fà á. Inú Ogun Àgbáyé Kejì, lóṣù kejìlá ọdún 1942, ni William Beveridge gbé ìwé àbá rẹ̀ jáde, àwọn aráàlú tí wọ́n ti jọ jìyà bọ́ǹbù sì ń tò láti rà á. Nígbà tí ìbò dé lọ́dún 1945, wọ́n fìbò lé Winston Churchill tó bá wọn ṣẹ́gun kúrò, wọ́n gbé ẹgbẹ́ Labour wọlé. Ní ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje, ọdún 1948, ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi owó orí gbé bẹ̀rẹ̀. Àwọn dọ́kítà ló kọ́kọ́ ta kò ó jù, àfìgbà tí mínísítà ètò ìlera, Aneurin Bevan, gbà fáwọn àgbà dọ́kítà pé wọ́n ṣì lè máa tọ́jú àwọn aláìsàn tó ń sanwó fún wọn lọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe dé orí ‘cash and carry’

Nígbà tí Gánà gba òmìnira lọ́dún 1957, ọ̀fẹ́ ni ìjọba Kwame Nkrumah ṣe ìwòsàn láwọn ọsibítù ìjọba. Owó orí ni wọ́n fi ń gbé e, owó kòkó ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé. Àmọ́ owó kòkó kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn táwọn ológun lé Nkrumah kúrò lóṣù kejì ọdún 1966, òfin jáde lọ́dún 1969 àti 1971 tó ní kí aláìsàn máa san ìwọ̀nba owó díẹ̀. Owó náà kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì kà á sí wàhálà.

Ọdún 1983 lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọ̀dá òjò wà, iná jó oko kòkó, ebi ń pa ìlú, ọdún yẹn kan náà sì ni Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Gánà padà sílé tàwọn ti àpò ńlá tí gbogbo èèyàn ń pè ní ‘Ghana must go’ títí dòní. Ìjọba Jerry Rawlings sá tọ àjọ IMF àti Báǹkì Àgbáyé lọ fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn ayánilówó ní kí ìjọba dín ìnáwó kù. Lọ́dún 1985, owó ìwòsàn fò sókè. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní agbègbè Ashanti-Akim lẹ́yìn náà fi hàn pé iye àwọn tó ń lọ sílé ìwòsàn já wálẹ̀ kíá, àti pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ìlú ńlá padà wá nígbà tó yá, àwọn ará abúlé kò padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1992, ìjọba ní kí ọsibítù kọ̀ọ̀kan máa gba gbogbo owó oògùn padà lọ́wọ́ aláìsàn. Ohun tó bí ‘cash and carry’ nìyẹn.

Lórí ìwé, òfin yọ àwọn kan sílẹ̀: ọmọdé, aboyún, arúgbó, àtàwọn aláìní. Àmọ́ nígbà tó jẹ́ pé ọsibítù tó bá tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa wá owó oògùn mìíràn, tí ìjọba kì í sì í tètè dá owó náà padà, kò sí ọ̀gá ọsibítù tó fẹ́ rí wọn sójú. Ìyọ̀ǹda tí kò lówó lẹ́yìn, bébà lásán ni.

Ohun kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà náà. Ní ìlú Nkoranza, lọ́dún 1992, ọsibítù ìjọ Kátólíìkì kan, St Theresa's, ní káwọn ará agbègbè náà máa dá owó díẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹni tó bá ṣàìsàn débi tí wọ́n á fi dá a dúró máa gba ìtọ́jú láìsan owó mìíràn. Èésú ni, àjọ ni, ohun tí gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí kò ní ìwé owó oṣù sì dá a. Díẹ̀díẹ̀ làwọn agbègbè mìíràn ń kọ́ ọ, débi pé nígbà tó fi máa di ọdún 2000, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé adójútòfò kò lè bá àwọn mẹ̀kúnnù mu.

Ìlérí tó wọ inú àpótí ìbò

Rawlings ti lo sáà méjì tí òfin fún un tán nígbà tí ìbò ọdún 2000 dé. Igbákejì rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Atta Mills, ni ẹgbẹ́ NDC fà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ alátakò, NPP, fa John Agyekum Kufuor kalẹ̀, ọ̀kan lára ìlérí tó sì rọrùn jù láti sọ fún aráàlú ni pé bí òun bá wọlé, ‘cash and carry’ á lọ. Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Kò sílé tí kò ní ẹni tí ọsibítù ti lé padà tàbí tí wọ́n dá dúró rí. Ìbò náà wọ ìpele kejì ní ọjọ́ 28, oṣù kejìlá, Kufuor sì borí.

Ìlérí yá ju ìṣúná lọ. Níbo ni owó máa ti wá? Ìjọba tuntun náà jókòó lé e, ó sì mú ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, wọ́n á fi ìdá 2.5 nínú 100 kún owó orí ọjà. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á máa yọ ìdá 2.5 nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ láti inú owó ìfẹ̀yìntì tó ń lọ sọ́dọ̀ àjọ SSNIT. Ẹ̀kẹta, àwọn tí kì í gba owó oṣù á máa san owó ọdọọdún tó bá agbára wọn mu. Nígbà tí Gánà yí owó rẹ̀ padà lọ́dún 2007, èyí tó kéré jù nínú owó náà jẹ́ sídì 7 àti pésẹ́wà 20 lọ́dún kan. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, àwọn tó ti lé ní 70 àtàwọn aláìní paraku kò san nǹkan kan.

Owó orí ọjà yẹn gba àyà. Lọ́dún 1995, nígbà tí ìjọba Rawlings kọ́kọ́ gbé owó orí VAT jáde, ìgboro Akra dàrú, èèyàn kú níbi ìwọ́de, ìjọba sì ní láti kó o padà. Ọdún 1998 ni wọ́n tó tún dọ́gbọ́n mú un wọlé. Pé ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ìjọba mìíràn tún lè fi kún un tí ìlú kò sì gbiná jẹ tẹ́lẹ̀, ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé wọ́n pe owó náà lórúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ìyá ọlọ́jà tó bá ń san án mọ̀ pé ìlera lówó òun ń lọ. Ó jọ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba kò tíì mọ̀ nìyẹn: kì í ṣe owó orí làwọn èèyàn kórìíra jù, bí kò ṣe owó orí tí wọn kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni kò gbà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó ìjọba, wọ́n wọ́de, wọ́n sì ń halẹ̀. Ìjọba ṣèlérí pé owó ìfẹ̀yìntì ẹnikẹ́ni kò ní í dín, àti pé òṣìṣẹ́ tó ń san owó SSNIT kò ní í san owó ọdọọdún mọ́. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ NDC ní kánjúkánjú ti pọ̀ jù, wọ́n bínú jáde. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003, àbádòfin náà di òfin pẹ̀lú ìbò ẹgbẹ́ NPP. Ìdí tí kánjúkánjú fi wà kò farasin. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìbò mìíràn, Kufuor kò sì fẹ́ lọ bá aráàlú lọ́wọ́ òfo. Ó tún wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló tún yani lẹ́nu jù. Lóṣù keje ọdún 2008, nígbà tí ìbò ku oṣù márùn-ún, ìjọba Kufuor sọ ìtọ́jú aboyún di ọ̀fẹ́ lábẹ́ ètò náà. Ẹgbẹ́ NDC tó bínú jáde lọ́dún 2003 kò ní kí wọ́n fagi lé adójútòfò mọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn á ṣe é débi pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo léèyàn á sanwó láyé rẹ̀. Atta Mills fi ìlérí yìí wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú un ṣẹ títí tó fi kú lọ́dún 2012. Bí aráàlú bá ti gba káàdì náà sọ́wọ́, kò sí olóṣèlú tó láyà láti gbà á padà.

Èyí kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán. Ní 2014, àwọn tó wà lórí ètò náà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 10, ìyẹn kò tó ìdajì àwọn ọmọ Gánà. Owó táwọn ọsibítù ń retí lọ́wọ́ àjọ náà ń pẹ́ kó tó dé, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ aláìsàn tó ní káàdì. Èyí tó burú jù ni pé láti ọdún 2017, òfin kan gbà kí ìjọba dá lára owó orí ìlera náà dúró láti fi ṣe nǹkan mìíràn.

Nàìjíríà: láti Májẹ̀kódùnmí dé Buhari

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìwòsàn ọ̀fẹ́ kì í ṣe tuntun. Ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọdún 1950 sí 1959, àwọn àgbà tó jẹ àǹfààní rẹ̀ ṣì ń sọ ọ́. Nígbà tí òṣèlú padà dé lọ́dún 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí ẹgbẹ́ UPN gbé síwájú. Àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní LOOBO, ìyẹn Èkó, Ògùn, Oǹdó, Bendel àti Ọ̀yọ́, ni wọ́n ti ṣe é. Gómìnà Lateef Jákàńdè ní Èkó àti Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́ kò gba owó káàdì lọ́wọ́ aláìsàn.

Àmọ́ owó epo rọ̀bì ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, oògùn tán láwọn ọsibítù. Lọ́jọ́ 31, oṣù kejìlá, ọdún 1983, nígbà tí Sani Abacha ka ìkéde ìfipágbàjọba lórí rédíò, ó wà lára ẹ̀sùn tó fi kan àwọn olóṣèlú pé ọsibítù ti di ibi tí wọ́n kàn ń wo aláìsàn lójú, kò sí oògùn. Ìjọba ológun tí wọ́n gbé wọlé náà, èyí tí Ọ̀gágun Muhammadu Buhari jẹ́ olórí fún, kò dá ìwòsàn ọ̀fẹ́ padà. Owó ni wọ́n ní káwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í san.

Bẹ́ẹ̀, àbá mìíràn ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún 1962, mínísítà ètò ìlera àpapọ̀, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé àbádòfin adójútòfò ìlera lọ sílé aṣòfin, pé kí wọ́n fi ìlú Èkó bẹ̀rẹ̀. Àwọn dọ́kítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó. Ọdún yẹn kan náà ni rògbòdìyàn Ìwọ̀-oòrùn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó ẹkùn náà. Lẹ́yìn èyí ni ìfipágbàjọba, lẹ́yìn ìyẹn ni ogun abẹ́lé. Àbá náà sùn. Wọ́n jí i lọ́dún 1984, ó tún sùn. Nígbà Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì tó jẹ́ mínísítà láti 1985 sí 1992, wọ́n tún gbé ìgbìmọ̀ dìde lé e lórí, àmọ́ ohun tó gbọkàn Ọ̀jọ̀gbọ́n náà jù ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní wọ́ọ̀dù àti abúlé, kò sì jẹ̀bi.

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, ọdún 1999 ni Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tó fọwọ́ sí òfin ológun tó dá NHIS sílẹ̀, nígbà tó ku ọjọ́ 19 péré kó gbéjọba sílẹ̀. Ọdún mẹ́fà tún kọjá. Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà, ọdún 2005 ni Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó ṣí ètò náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 5 nínú owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà kí wọ́n yọ tiwọn, ìjọba sì ń gbé tirẹ̀ nìkan. Àwọn tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ Àbújá, tí ìyà jẹ níwọ̀nba, ni ọwọ́ adójútòfò kọ́kọ́ tẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀pà ní Ọ̀ṣun àti fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà Ìbàdàn wà níbi tí wọ́n wà.

Kí ló wá fà á tí Nàìjíríà kò fi lè sáré bíi Gánà? Ìdí kan ni pé ètò ìlera kì í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àbújá kò lè pàṣẹ fún gómìnà pé kó yọ owó òṣìṣẹ́ rẹ̀, òfin ọdún 1999 náà kò sì fi dandan lé e. Ìdí kejì wà nínú epo. Ìjọba tó bá ń jẹ owó orí ọjà gbọ́dọ̀ máa wo ojú àwọn tó ń san án. Ìjọba tó bá ń jẹ owó epo kò fi bẹ́ẹ̀ nílò wọn, nígbà tí wọ́n bá sì gba owó VAT, ńṣe ni ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín in láàárín ara wọn. Kò sí kọ́bọ̀ kan tó ní orúkọ ìlera lára.

Ìdí kẹta ló ṣòro láti sọ. Àwọn tó yẹ kó yí ètò náà padà kò lò ó. Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia lóṣù kọkànlá ọdún 2009. Ààrẹ Buhari lo oṣù púpọ̀ nílùú London lọ́dún 2017. Ìlú London náà ló ti dágbére fáyé lọ́jọ́ 13, oṣù keje, ọdún 2025. Ní gbogbo ìdìbò sípò ààrẹ láti ọdún 1999, ààbò, epo, iná mànàmáná àti ibi tí olùdíje ti wá ló ń gba ẹnu àwọn olóṣèlú. Kò sí ẹni tó fi owó ọsibítù wọlé, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ já kulẹ̀.

Owó òkèèrè àti dọ́kítà méjì láti Kwara

Nígbà tí ìbò kò sún ìjọba, owó òkèèrè ló sún un díẹ̀. Lọ́dún 2005, àwọn orílẹ̀-èdè tó yá Nàìjíríà lówó fagi lé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú gbèsè rẹ̀. Apá kan nínú owó tó yẹ kí wọ́n fi san gbèsè náà lọ sórí ètò tó ń tọ́jú aboyún àtọmọdé lábẹ́ NHIS láti ọdún 2008. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní. Nígbà tí owó náà tán, ètò náà dákẹ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kwara lágbára ju ìyẹn lọ. Lọ́dún 2007, nígbà tí Dókítà Bukola Saraki jẹ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà, àjọ kan láti Netherlands àti ilé-iṣẹ́ Hygeia gbé adójútòfò kalẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ ní Shonga, ó sì dé Àfọ̀n lọ́dún 2009. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó wà lágbègbè tí adójútòfò wà wálẹ̀ ju ti àwọn tó wà níbi tí kò sí i lọ. Àwọn èèyàn tó yẹ kí rọpárọsẹ̀ mú ń lọ sóko wọn.

Saraki yìí kan náà ni olórí ilé aṣòfin àgbà nígbà tí wọ́n ń jíròrò ìṣúná ọdún 2018. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí Ààrẹ Goodluck Jonathan ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọdún 2014, èyí tó ní kí wọ́n máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú 100 owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn mẹ̀kúnnù. Kò sẹ́ni tó fi kọ́bọ̀ síbẹ̀. Ọdún 2018 yẹn ni owó náà tó kọ́kọ́ wọ inú ìwé ìṣúná, bíi bílíọ̀nù 55 náírà. Nígbà tó di ìbò ọdún 2019, dọ́kítà mìíràn, Ibrahim Olóríẹgbẹ́, gba àga Àárín Gbùngbùn Kwara mọ́ Saraki lọ́wọ́. Ọ̀tá òṣèlú ni wọ́n, àmọ́ Olóríẹgbẹ́ tó di alága ìgbìmọ̀ ètò ìlera nílé aṣòfin àgbà ló gbé àbádòfin tó rọ́pò ti 1999 síwájú. Ọjọ́ 19, oṣù karùn-ún, ọdún 2022 ni Buhari fọwọ́ sí i, Buhari tí ìjọba rẹ̀ ní kí aláìsàn máa sanwó lọ́dún 1984. Àjọ NHIA rọ́pò NHIS, adójútòfò sì di dandan.

Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ kan kò dúró de Àbújá. Èkó ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún 2015, ó ṣí Ìlera Èkó lóṣù kejìlá ọdún 2018, lóṣù keje ọdún 2024 sì ni Gómìnà Babajídé Sanwó-Olú pàṣẹ pé ó ti di dandan. Àwọn ìpínlẹ̀ yòókù nílẹ̀ Yorùbá náà ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀.

Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 97 ni kò ní adójútòfò kankan. Lọ́dún 2024, àjọ NHIA kéde pé àwọn tó wà lábẹ́ ètò náà ti tó bíi mílíọ̀nù 19, nínú èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200. Àwọn ọsibítù náà ń ráhùn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, náírà 750 lóṣù ni wọ́n ń san fún wọn lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, yálà ó wá tàbí kò wá. Iye yẹn kò kúrò lójú kan nígbà tí owó oògùn ń fò lójoojúmọ́, àfi lọ́dún 2025 tí wọ́n sún un sí 1,450. Ẹni tó bá ti gbé káàdì NHIS lọ sí ọsibítù, tí wọ́n ní kó lọ ra oògùn níta, mọ ibi tí ìyókù owó náà ti ń wá.

Ohun tó tún ń ti àwọn ìjọba méjèèjì báyìí ti Amẹ́ríkà wá. Lóṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump dá owó ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní, oṣù keje, USAID ti kógbá sílé. Oògùn kògbóògùn àrùn éèdì, ti ikọ́ ife àti ti ibà tí owó yẹn ń rà di ohun tí ìjọba ní láti wá owó sí. Lóṣù kejì ọdún náà, àwọn aṣòfin Nàìjíríà fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún owó ìlera. Lóṣù kẹta, ìjọba John Mahama ní Gánà kéde pé gbogbo owó orí ìlera á máa lọ tààrà sídìí adójútòfò láìyọ nǹkan kan kúrò, ohun táwọn ọsibítù ibẹ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí òfin ọdún 2017 ti jáde.

Ní Àbújá, ìwé àṣẹ jáde lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025 pé gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fi òṣìṣẹ́ wọn sábẹ́ adójútòfò, àti pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ àgbàṣe lọ́wọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí NHIA wá. Èyí á mú ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́. Àmọ́ fọkanáísà kì í bá ìjọba dupò iṣẹ́ àgbàṣe, ìyá ẹlẹ́pà kò sì ní ọ̀gá tó máa dá ìdá tirẹ̀ fún un. Àwọn àjọ ìpínlẹ̀ ló kù tó máa lọ bá wọn lọ́jà àti ní ẹ̀bá ọ̀nà, láti ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà dé ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ awakọ̀, kí wọ́n gbà wọ́n níyànjú láti dá owó náà nígbà tí ara wọn ṣì le.